Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Kí ímeèlì gbogbo òṣìṣẹ́ ní ojú kan náà

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléeṣẹ́ kékeré kan ni mo dá sílẹ̀ ní òpópónà Táíwò níbí ní Ìlọrin, a máa ń ṣètò ìrìnàjò Hájì àti Umrah. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń kọ ímeèlì sí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ní Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà, sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, àti sí àwọn oníbàárà wa. Bó ṣe wu kálukú ló ń kọ tirẹ̀. Ọ̀kan ń fi lẹ́tà pupa kọ ọ́, òmíràn ń fi àwòrán òdòdó sí ìsàlẹ̀, ẹnì kan tilẹ̀ wà tí kì í fi orúkọ ara rẹ̀ sí i rárá. Láìpẹ́ yìí ni òtẹ́ẹ̀lì kan ní Mẹ̀dínà kọ̀wé bi wá pé ṣé iléeṣẹ́ kan náà ni àwọn méjì tó kọ̀wé sí àwọn lórí yàrá kan náà ti wá. Ojú tì mí. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé bí òṣìṣẹ́ bá ti ṣí ímeèlì tuntun, lógò wa àti orúkọ iléeṣẹ́ ti wà níbẹ̀ kó tó kọ ohunkóhun. Mo sì fẹ́ kí Bismillāhi wà lókè pẹ̀lú lẹ́tà Lárúbáwá. Gmail la ń lò.
Àlàájà, Ìlọrin

ÌDÁHÙN

Àlàájà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn àlejò Ọlọ́hun. Ohun tí ẹ fẹ́ yìí ṣeé ṣe. Àmọ́ ohun kan wà tí ẹ kò mẹ́nu bà nínú lẹ́tà yín tó jẹ́ pé òun ló jẹ mí lógún jù: àdírẹ́sì wo ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi ń kọ̀wé? Bó bá jẹ́ èyí tó parí sí gmail.com ni, tàbí tí gbogbo wọn jọ ń lo àkáǹtì kan pẹ̀lú pásíwọ̀ọ̀dù kan, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí kò lè ṣe àdàkọ ojú lẹ́tà. Lógò yín wà lórí Facebook, ó wà lára báàgì tí ẹ ń há fún àwọn èèyàn, ó wà lára pátákó tó dúró níwájú ọ́fíìsì. Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ yóò gé e, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ímeèlì tirẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà kan tó ti ń tu owó Mẹ́kà jọ láti ìgbà tó ti ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ìpàtà. Àwòṣe ímeèlì tó rẹwà láìsí àdírẹ́sì tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ yín ń bá ọlọ́ṣà ṣiṣẹ́ ni, torí ó ń kọ́ oníbàárà pé kó máa wo lógò kó tó gbà gbọ́.

Bàbá kan wá bá mi ní ọ́fíìsì mi ní Tánkẹ̀, Òkèlélé ló ti wá. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí káńtà, ó ní kí n bá òun ka ohun tí iléeṣẹ́ tó ń bá òun ṣètò Umrah kọ. Ímeèlì náà mọ́ tónítóní: lógò lókè, àwọ̀ ewé ní etí rẹ̀, orúkọ mánéjà nísàlẹ̀. Wọ́n ní kó san ìyókù owó sínú àkáǹtì tuntun. Mo ní kó tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ «to me», lábẹ́ orúkọ ẹni tó kọ̀wé. Nígbà tó ṣí i, orúkọ iléeṣẹ́ ló wà níwájú lóòótọ́, àmọ́ àdírẹ́sì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti gmail.com, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n kàn tò sẹ́yìn rẹ̀. A pe iléeṣẹ́ náà sórí nọ́ńbà tó wà lára rìsíìtì tí wọ́n ti fún un tẹ́lẹ̀. Wọn kò kọ ohunkóhun sí i. Bàbá náà ì bá ti san owó yẹn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gba dòméènì (orúkọ tó ń wà lẹ́yìn @ nínú àdírẹ́sì) tó ń jẹ́ orúkọ yín, èyí tó parí sí .ng tàbí .com.ng, lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tí NiRA, àjọ tó ń bójú tó .ng, fọwọ́ sí láti máa tà á. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gba àkáǹtì Google Workspace, ìyẹn Gmail ti àwọn iléeṣẹ́, lé e lórí, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Gmail náà ni wọn yóò ṣì máa ṣí, kò sí ohun tuntun tí wọ́n ní láti kọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó bá bá yín tò ó pé kó má fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìṣe SPF, DKIM àti DMARC. SPF ló ń kéde àwọn ẹ̀rọ tó láṣẹ láti fi ímeèlì jáde lórúkọ yín. DKIM ni èdìdì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. DMARC ló ń sọ fún ẹni tó gbà á ohun tó yẹ kó ṣe sí èyí tí kò bá bá a mu. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti ń béèrè pé kí gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé sí àwọn oníbàárà wọn ní SPF tàbí DKIM ó kéré tán, kí àwọn tó sì ń fi ọ̀pọ̀ ránṣẹ́ (ní ti Google, 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́) ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ béèrè ohun tó kọ sínú DMARC lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ p=none, kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Bí ẹ bá ti rí i pé ímeèlì yín ń wọlé dáadáa, kó sọ ọ́ di quarantine, tó ń darí ayédèrú sí spam, kó tó wá di reject, tó ń kọ̀ ọ́ pátápátá. Nígbà náà, Gmail àti àwọn mìíràn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò kọ ayédèrú tó bá fẹ́ lo dòméènì yín.

Ó wá ku ojú lẹ́tà.

Nínú Gmail, kò sí ibi tí ẹ ti lè pàṣẹ pé kí àwòṣe kan máa ṣí fúnra rẹ̀ bí ẹnì kan bá ti tẹ Compose. Ohun kan ṣoṣo tó ń wọlé fúnra rẹ̀ ni Signature, ìyẹn ohun tí Gmail ń fi sí ìsàlẹ̀ ímeèlì, òun náà ni ẹ ó sì lò. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì tó rí bí eyín jíà lókè lápá ọ̀tún, ẹ tẹ See all settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Signature sí nínú General, kí ẹ sì dá tuntun sílẹ̀. Bí ẹ bá ti kó gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀ tán, ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi Signature defaults: ẹ yan án fún ímeèlì tuntun, kí ẹ sì yan èyí tó kúrú jù ú lọ fún èsì, orúkọ àti nọ́ńbà tẹlifóònù nìkan. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ọ̀rọ̀ tó bá lọ tó bọ̀ nígbà mẹ́wàá láàárín yín àti òtẹ́ẹ̀lì yóò kó lógò mẹ́wàá jọ. Ẹ má gbàgbé láti tẹ Save Changes nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ tán tí wọ́n á gbàgbé èyí.

Lọ́nà yìí, ìsàlẹ̀ ni lógò yóò wà. Mo mọ̀ pé òkè ni ẹ fẹ́ ẹ, bíi ti bébà iléeṣẹ́. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ fi í sí ìsàlẹ̀. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà yín ti ń kà á; bí lógò ńlá bá gba iwájú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n máa wọkọ̀ òfuurufú, yóò sá lọ sísàlẹ̀. Ẹlòmíì kì í sì jẹ́ kí àwòrán ṣí torí dátà. Èyí ló fà á tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tẹ orúkọ iléeṣẹ́ ní lẹ́tà gidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ lógò, kó jẹ́ pé bí àwòrán kò bá ṣí, orúkọ ṣì wà. Àwọn kan máa ń ya gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fọ́tò kan, orúkọ, nọ́ńbà, àdírẹ́sì, gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe é. Kò sẹ́ni tó lè tẹ nọ́ńbà inú fọ́tò láti fi pè yín.

Lógò fúnra rẹ̀, kó kéré, kó sì fúyẹ́. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ímeèlì àti kóòdù rẹ̀ bá ti ju nǹkan bí 102KB lọ, Gmail a gé ìyókù rẹ̀ mọ́lẹ̀; ẹni tó ń da ọ̀rọ̀ kọ láti inú Word ló sábà máa ń bá èyí pàdé, torí Word ń kó ọ̀pọ̀ ẹrù tí ojú kò rí wọlé. Bí lógò yín bá jẹ́ dúdú lórí ilẹ̀ tí kò ní àwọ̀, yóò pòórá lórí fóònù ẹni tó ti sọ ojú fóònù rẹ̀ di dúdú. Ẹ fi àwọ̀ funfun yí i ká.

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni orúkọ òṣìṣẹ́ àti ipò rẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́, ilé àti òpópónà, àti nọ́ńbà tẹlifóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234. Ẹni tó wà ní Mẹ̀dínà kò lè fi 080 pè yín. Ẹ yọ òdo iwájú kúrò. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì ni ẹ fi orúkọ sílẹ̀ sí ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, òfin kọ́ńpìnnì tí a mọ̀ sí CAMA 2020 ní kí orúkọ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ (RC) yín wà lára lẹ́tà iṣẹ́ yín, ẹ sì fi í síbi tó hàn. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ tí NAHCON, àjọ Hájì Nàìjíríà, fún yín náà yẹ kó wà níbẹ̀, torí òun ni àwọn àlejò lè fi wádìí yín kí wọ́n tó sanwó.

Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì ńkọ́? Rárá o. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní Ìlọrin ló ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kó rọrùn fún ẹni tó fẹ́ jalè, torí oníbàárà tí ojú rẹ̀ ti mọ́ rírí àkáǹtì nínú ímeèlì kò ní fura bí nọ́ńbà bá yí padà. Inú ìwé owó (invoice) nìkan ni kí àkáǹtì wà. Dípò rẹ̀, ẹ kọ ìlà kan síbẹ̀ pé iléeṣẹ́ yín kì í yí nọ́ńbà àkáǹtì padà nípasẹ̀ ímeèlì, kí ẹni tó bá rí irú rẹ̀ pe ọ́fíìsì.

Bismillāhi. Ó dára, ó sì bá Ìlọrin mu. Ẹ jẹ́ kó dá wà lórí ìlà tirẹ̀, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tàbí nọ́ńbà sí ìlà kan náà, torí láti ọ̀tún ni Lárúbáwá ti ń wá. Bí wọ́n bá pàdé lórí ìlà kan, àmì ìdánudúró àti nọ́ńbà a máa fò lọ síbi tí ẹ kò fi wọ́n sí. Nínú General kan náà, níbi Language, ohun kan wà tí wọ́n pè ní Right-to-left editing support. Ẹ tàn án, bọ́tìnì tó ń darí ìlà yóò sì jáde níbi tí ẹ ti ń kọ ọ̀rọ̀. Torí pé ìsàlẹ̀ ni Signature máa ń wà, inú àwọn lẹ́tà tí ẹ bá tò sílẹ̀ ṣáájú, tí mo fẹ́ sọ báyìí, ni kí ẹ ti fi í sókè. Ohun kan ni kí ẹ rò: ọ̀rọ̀ tó bá ṣáájú nínú ímeèlì ló máa ń hàn lábẹ́ àkọlé kí èèyàn tó ṣí i, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àkọlé sọ gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ pé àwọn èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí wọ́n sì jù ú nù, ẹ bi aáfà yín.

Àwọn lẹ́tà tó ń tún ara wọn kọ lójoojúmọ́ ni Templates wà fún. Inú Settings, ní Advanced, ni ẹ ti máa tàn án. Gmail gba 50 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, iléeṣẹ́ yín kò sì nílò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ: owó ti wọlé, ẹ fi ìwé ìrìnnà ránṣẹ́, a fẹ́ yàrá, ọjọ́ ìrìnàjò ti jáde. Ẹ mọ̀ pé ti ẹnì kan kì í fò sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ẹ kọ ọ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn, kí kálukú dà á kọ kó sì fi pa mọ́ sínú tirẹ̀. Níbi tí orúkọ àti iye owó yóò wà, ẹ fi àwọ̀ yẹ́lò kùn ún, kí ojú òṣìṣẹ́ má baà fò ó. Lẹ́tà tó ń kí Àlàájì kan pẹ̀lú orúkọ ẹlòmíì burú ju lẹ́tà pupa lọ.

Ṣùgbọ́n ìkíni, ẹ má ṣe tò ó sílẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ mọ iye yàrá lásán àti ìyá tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó fẹ́ lọ ṣe Umrah fún un, kò yẹ kí wọ́n gba ìkíni kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ yín mọ bí a ṣe ń kí èèyàn, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ rántí fóònù. Signature tí ẹ ṣe lórí kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń kọ sínú áàpù Gmail, ti áàpù kò sì gba lógò, ọ̀rọ̀ lásán ló ń gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ yín tó máa bá àwọn àlejò lọ sí Mẹ́kà, orí fóònù ni wọ́n á ti máa fèsì, nítorí náà ẹ gba fóònù wọn kí wọ́n tó lọ, kí ẹ wò ó. Ohun tí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè yọ kúrò, bí ìlà tó ń sọ pé ẹ kì í yí nọ́ńbà àkáǹtì padà, ẹni tó jẹ́ alákòóso Google Workspace yín lè fi í sínú Append footer, lábẹ́ Compliance nínú ètò Gmail. Yóò máa lẹ̀ mọ́ gbogbo ímeèlì tó bá jáde, ì báà jẹ́ láti fóònù. Ẹ jẹ́ kó kúrú.

ÌBÉÈRÈ

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni mí. A ti ní àwòṣe ímeèlì tí gbogbo ìgbìmọ̀ ń lò, orúkọ ẹgbẹ́ sì wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Lórí kọ̀ǹpútà mi ó dára gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ní àpótí kéékèèké ni àwọn ń rí. Àwọn kan ní ká yọ àmì kúrò. Ṣé ká yọ ọ́?
Akọ̀wé, Òmù-Àrán

ÌDÁHÙN

Ẹ má yọ ọ́, ẹ jọ̀wọ́. Orúkọ ìlú ni, ó sì yẹ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé.

Ẹ kọ́kọ́ dán èyí wò. Ẹ fi mọ́óòsì yan orúkọ náà lórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ sì yí fọ́ńtì rẹ̀ sí Arial. Bí àwọn lẹ́tà bá di àmì mìíràn tí kò nítumọ̀, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn fọ́ńtì Yorùbá àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, èyí tó ń fi ẹ àti ọ rọ́pò àmì ẹlòmíì. Kò sí ẹni tó lè rí i dáadáa àfi ẹni tó ní fọ́ńtì yẹn. Ẹ tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú ètò èdè rẹ̀, Gboard náà sì ní in lórí fóònù.

Bí kò bá yí padà, fọ́ńtì ẹni tó ń gbà á ni ìṣòro. Ẹ wo orúkọ Ọ̀ffà. Ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, àtòjọ tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, Ò náà ní tirẹ̀, àmọ́ Ọ̀ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní. Kọ̀ǹpútà ní láti fi àmì òkè lé Ọ lórí fúnra rẹ̀. Fọ́ńtì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbé e sí àárín gbùngbùn. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gbé àpótí kalẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe lo fọ́ńtì ẹlẹ́wà tí ẹ wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí lórí fóònù wọn. Ẹ lo Arial, Tahoma tàbí Times New Roman. Ẹ lè fi orúkọ náà sínú lógò bí àwòrán, ṣùgbọ́n kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà gidi.

Ibi méjì ni ẹ kò ti ní agbára lórí fọ́ńtì: àkọlé ímeèlì àti orúkọ ẹni tó kọ̀wé. Ẹ tẹ àmì síbẹ̀ bó ṣe yẹ, fóònù tòní yóò gbé e. Àdírẹ́sì ímeèlì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ láìsí àmì kankan.

ÌBÉÈRÈ

Microsoft 365 ni iléèwé wa ń lò, Outlook ni gbogbo olùkọ́ sì fi ń kọ̀wé sí òbí. Ṣé mo ní láti jókòó ti olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kí n tó lè tò ó ni?
Olùkọ́ kọ̀ǹpútà, Ọ̀ffà

ÌDÁHÙN

Kò di dandan. Tí ẹ bá jẹ́ alákòóso, ẹ wọ Exchange admin center, kí ẹ dá òfin tuntun sílẹ̀ lábẹ́ Mail flow, Rules, kí ẹ sì yan Apply a disclaimer, èyí tó ń lẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ mọ́ ímeèlì gbogbo olùkọ́. Ó gba HTML, kóòdù tí a fi ń to ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, títí dé 5,000 lẹ́tà. Bí ẹ bá kọ %%DisplayName%% àti %%Title%% sínú rẹ̀, orúkọ àti ipò olùkọ́ tó ń kọ̀wé ni yóò wọlé síbẹ̀, láti inú àkọsílẹ̀ tí ẹ ti ṣe fún wọn. Ẹ yẹ àkọsílẹ̀ yẹn wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí bí wọ́n bá ṣi orúkọ olùkọ́ kan kọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo òbí yóò ṣe rí i. Àwòrán kò ṣeé so mọ́ ọn. Ẹ gbé lógò sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì iléèwé, kí ẹ fi líǹkì rẹ̀ sínú HTML. Kó má baà tún ara rẹ̀ lẹ̀ nínú èsì, ẹ fi àyàfi kan sí òfin náà: bí nọ́ńbà tẹlifóònù iléèwé bá ti wà nínú ọ̀rọ̀ ímeèlì tẹ́lẹ̀, kó má fi kún un mọ́.